Iṣẹ́ yọ l'Ékòó, ilé wà n'Ífẹ̀: ẹ bá wa ṣírò ẹ̀

Télọ̀ Lágèéré
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íkẹjà fẹ́ gbà á, owó oṣù wọn sì fi ₦120,000 ju èyí tó ń gbà níbí lọ. Èmi ń ránṣọ ní Lágèéré: ẹ̀rọ mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì. Ọmọ wa mẹ́ta: ọ̀kan wà ní JSS 2, ọ̀kan ní pírámárì 4, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìrẹ́mọ ló ń wà lójúmọmọ. ₦250,000 là ń sanwó ilé lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un kó fi fèsì. Kí lẹ máa kà kí ẹ tó kó ẹrù?

Akọ̀wé Ọ̀pá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Télọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ₦120,000 yẹn wò, torí ẹnu lásán ló ti pọ̀.

Lọ́dún kan, ₦1,440,000 ni. Ká ní ẹ rí yàrá méjì àti pálọ̀ ní ₦1,200,000 (àpẹẹrẹ lásán ni o, àdúgbò ló ń sọ iye). Éjẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àgírímẹ́ǹtì á tún gba irú ẹ̀, ₦240,000 ti lọ nìyẹn. Owó tí onílé máa dì mú de ohun tó bá bàjẹ́, ẹ fi ₦100,000 sí i. Gbogbo ẹ̀ di ₦1,540,000 kí ẹ tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ yọ ₦250,000 tí ẹ̀ bá san n'Ífẹ̀ kúrò, ó ku ₦1,290,000. Nínú àlékún ọdún kan gbáko, ₦150,000 ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín. ₦12,500 lóṣù.

Ọdún kejì, éjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì ti kúrò ńlẹ̀. Owó ilé Èkó fi ₦950,000 ju ti Ifẹ̀ lọ, nítorí náà ₦490,000 ló máa kù nínú àlékún, ìyẹn ₦40,000 ó lé díẹ̀ lóṣù. Bí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ bá jẹ́ ₦2,000 lóòjọ́, fún ọjọ́ 22, ₦44,000 ni. Àlékún ti tán, ó tiẹ̀ ti di gbèsè, ẹ ò sì tíì ra ìrẹsì. Ìyá yín ní Ìrẹ́mọ kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ l'Ékòó á gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo iṣẹ́ ìjọba náà, ẹ fara balẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí àwọn ìpínlẹ̀ kéde ní 2024: Ọ̀ṣun ₦75,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Èkó ₦85,000. ₦10,000 ló wà láàárín Ọ̀ṣun àti Èkó. Owó ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún ni.

Sístà Ìjámọ̀ (Iléṣà)
Akọ̀wé ti mójú tó owó, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti iṣẹ́. Ìwé àṣẹ tí Nursing and Midwifery Council ń fún nọ́ọ̀sì kárí gbogbo Nàìjíríà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un ṣe. Kó ṣáà yẹ ọjọ́ tó máa parí wò.

Ibi tó ti ń kúrò gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ló wà báyìí, kó má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọsibítù àpapọ̀ kan sí òmíràn, CONHESS (ìlànà owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba) kan náà ni wọ́n fi ń sanwó, owó kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bó bá gba ọ̀nà tíráńsífà, ọdún tó ti lò nídìí iṣẹ́ ń bá a lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé fi í sílẹ̀ lọ sí ti aládàáni ti já okùn yẹn o. ₦120,000 gbọ́dọ̀ tó ra ìyẹn náà.

Kó tó fọwọ́ sí lẹ́tà wọn, kó béèrè: owó tí wọ́n pè yẹn, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? Owó iṣẹ́ alẹ́, ṣé ó wà nínú ẹ̀ àbí ọ̀tọ̀ ni? Bó bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ta ló máa gbé e dé ojú pópó? Oṣù mélòó ni wọ́n máa fi wò ó kí wọ́n tó fún un ní lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀? Oṣù mẹ́fà ló wọ́pọ̀, àárín ìgbà yẹn sì ni wọ́n lè dá a dúró pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Mo lè ṣépè fún ẹni tó bá kó ọmọ mẹ́ta lọ kí lẹ́tà yẹn tó jáde, ẹ má bínú.

Ti owó ìfẹ̀yìntì, àkáǹtì ẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. PIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ẹ̀ (kì í ṣe ti báǹkì o), ni kó fún ọ̀gá tuntun. Kó má jẹ́ kí wọ́n ṣí òmíràn fún un, èèyàn kan, PIN kan ni.

Òṣómàáló (Iléṣà)
Akọ̀wé, ẹ rọra fi ìṣirò dẹ́rù bà wọ́n o. Bí wọ́n bá ní kí Ìjẹ̀ṣà má kúrò nílé, ta ni ì bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nílùú onílùú gba owó aṣọ tó tà láwìn?

Ohun tẹ́ ẹ ò kà ni ọwọ́ Télọ̀ fúnra ẹ̀. Ọjà Lágèéré, ọmọ yunifásítì ló ń gbé e ró. Ní 2022, ASUU dáṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń rán aṣọ níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. L'Ékòó, ọjà kì í dúró de ilé ìwé kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Télọ̀, ẹ má lọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Ṣọ́ọ̀bù náà ní éjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì tiẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sì sẹ́ni tó mọ̀ yín. Ẹ wá télọ̀ tó ní àyè, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ kan sí i, kẹ́ ẹ máa sanwó ìjókòó lóṣooṣù. Láàárín oṣù mẹ́ta ẹ máa mọ̀ bóyá àdúgbò yẹn ń mú kaba wá ni, bóyá aṣọ ọ́fíìsì ni, bóyá àtúnṣe síìpù lásán ni.

Àwọn oníbàárà Ifẹ̀, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Ìwé ìwọ̀n yín, ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n hàn kedere. Ẹni tẹ́ ẹ ti gé aṣọ fún rí lè máa fi aṣọ ránṣẹ́ láti gáréèjì. Bùbá, ṣòkòtò, agbádá, kò sí wàhálà. Kaba tó ní kọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbà á láti ọ̀nà jíjìn: ó fẹ́ wíwọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ìnṣì kan tó bá yẹ̀ nígbàyà ti sọ gbogbo ẹ̀ nù.

Àti ọmọ iṣẹ́ méjì yẹn. Àdéhùn wà láàárín ẹ̀yin àtàwọn òbí wọn. Ẹ pe àwọn òbí, kẹ́ ẹ fà wọ́n lé ọ̀gá mìíràn lọ́wọ́ lójú wọn, kẹ́ ẹ kọ iye oṣù tó kù kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù sílẹ̀.

Tíṣà Mọdákẹ́kẹ́
Ọmọ JSS 2 yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Ìdánwò BECE tí wọ́n ń ṣe ní ìparí JSS 3, abẹ́ ìpínlẹ̀ ló wà, máàkì kíláàsì tó ti kọjá sì wà lára ohun tí wọ́n ń kó jọ fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í gba ọmọ tuntun sí JSS 3 tàbí SS 3; wọ́n á ní kó tún kíláàsì tó ti ṣe ṣe. Ibi tó rọrùn láti gé ni lẹ́yìn pírámárì 6 àti lẹ́yìn JSS 3. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni ìpinnu wà, kó parí JSS 3 níbí. Ti pírámárì 4 kò le, ìgbàkígbà tí táámù bá bẹ̀rẹ̀ ló lè wọlé.

Ìwé tẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó kúrò: lẹ́tà tíráńsífà tí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí tó sì lu òǹtẹ̀, èsì táámù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí pírámárì fún ti JSS, ìwé ọjọ́ ìbí ti National Population Commission. Ẹ gbà á nígbà tí ilé ìwé ṣì ń wọlé nínú July. Tí August bá ti dé, ẹ máa dúró sẹ́nu géètì títí ni, ọ̀gá ilé ìwé ti rìnrìn àjò.

Ẹ tún lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ gba ìwé ọmọ ìlú fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbígbé Èkó kò sọ wọ́n di ọmọ Èkó. Yunifásítì ìpínlẹ̀ sábà máa ń bu owó mìíràn fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀. Bó pẹ́ bó yá wọ́n á béèrè fún ìwé yẹn, ọ̀nà á sì ti jìn nígbà yẹn.

(Èkó ṣòfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wo bí ojú wọn á ṣe rí.)

Télọ̀ Lágèéré
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló kọ́kọ́ lọ ńkọ́, kí èmi àtàwọn ọmọ dúró títí JSS 3 fi parí?

Akọ̀wé Ọ̀pá
Ìyẹn lèmi náà ń rò. Ká ní ó bá ẹnì kan pín yàrá ní ₦40,000 lóṣù, tó ń wálé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ní ₦20,000 àlọ àtàbọ̀, ₦80,000 nìyẹn. Bí yàrá bá sún mọ́ ibi iṣẹ́, ọkọ̀ ìgboro lè má ju ₦15,000 lọ. Ó ku ₦25,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò sanwó éjẹ́ǹtì, ṣọ́ọ̀bù yín ń pa owó lọ, lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ á sì ti jáde kẹ́ ẹ tó ta àga kan.

Ìyá Ìbejì Ìlódè
Akọ̀wé, owó nìkan kọ́ ló ń tọ́mọ o. Ọmọ ọdún méjì tí kò rí ìyá ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ẹ fi náírà wọ̀n ọ́n fún mi. Mi ò ní kó má lọ. Ẹ kàn dá ọjọ́ tó máa parí. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà: lẹ́yìn BECE, yálà gbogbo wọn lọ tàbí ó padà. Ilé méjì tí kò ní gbèdéke máa ń di ilé méjì títí ni, nígbà yẹn owó méjì ló ń jáde, ìdílé á sì ti mọ́ra.

Òṣómàáló (Iléṣà)
Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì. Àfikún kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún un, kó fi béèrè ibùgbé òṣìṣẹ́ tàbí owó ìkẹ́rù. Kó béèrè nínú lẹ́tà, kó má jẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó fẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní tìtorí ìbéèrè kan lé e.

Bàbá Mítà
Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ gbalé lóòótọ́, ẹ má sanwó lórí fọ́tò WhatsApp. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún lọ lálẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún lọ lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Ẹ wo ara ògiri ìta nísàlẹ̀: bí ìlà eruku tàbí àwọ̀ mìíràn bá wà ní gíga kan náà yí ilé po, omi ti dé ibẹ̀ rí, kódà bí wọ́n bá ti kùn ún.

Omi: ẹ bu ú sínú abọ́ funfun, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó ní irin nínú lè mọ́ gaara bó ṣe ń jáde, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á pọ́n bí ìpẹtà. Omi bẹ́ẹ̀ á ba aṣọ funfun jẹ́, télọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi lọ aṣọ oníbàárà. Ẹ tọ́ ọ wò bóyá ó níyọ̀, pàápàá lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ̀yin tí kànga Ifẹ̀ ti mọ́ lára, ẹ béèrè ẹni tó ń ra epo tí wọ́n fi ń fa omi.

Iná: ẹ béèrè báǹdì, ìyẹn ìpele tó ń sọ iye wákàtí tí iná gbọ́dọ̀ wà. Báǹdì A kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4, A ló sì wọ́n jù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé "iná wa dáa". Ẹ gba nọ́ńbà mítà, kẹ́ ẹ ra ₦1,000 sí i kẹ́ ẹ tó sanwó ilé. Bí gbèsè bá wà lórí ẹ̀, ó máa hàn lára rìsíìtì pé wọ́n yọ owó kan kúrò kí wọ́n tó fún yín ní yúníìtì. Gbèsè ẹni tó kó jáde ni, ẹ̀yin lẹ máa san án bẹ́ ẹ bá dákẹ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá mítà yẹn jẹ́ ti fúláàtì yín nìkan: ẹ pa gbogbo iná inú ilé, bí ó bá ṣì ń ka owó, ẹlòmíràn ń mu nínú ẹ̀.

Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kò kan Apapa, Íkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Àwọn tó ń béèrè ọdún méjì pọ̀, ẹ lè fi òfin yẹn ná an. Kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì tó lórúkọ yín: láti January 2026, òfin owó orí fàyè gba kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa yọ kò ní kọjá ₦500,000. Lórí ₦1,200,000, ₦240,000 ni wọn ò ní fọwọ́ kàn.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé: ọkọ̀ ojú irin Red Line ń ti Agbádó lọ sí Oyíǹgbò, ó ń dúró n'Íkẹjà. Ẹ lè gbé apá ibi tílé ti rọjú, kẹ́ ẹ fi káàdì Cowry wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni kò bá ọkọ̀ ojú irin mu. Mọwé àti Ìbafò náà wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n sún mọ́ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà. Owó orí àti ilé ìwé ìjọba, Ògùn lẹ ó máa bá ṣe é.

Awakọ̀ Kántà
Ẹrù. Ẹ má kó o lọ́jọ́ Jímọ́, pàápàá Jímọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹni tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó níwájú Redemption City, níbi ìsìn òru ìjọ Redeemed, mọ ìdí ẹ̀. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ihò ọ̀nà Gbọ̀ngán, Ìkirè sí Aṣejirẹ ló ń jẹ àkókò, ẹ sì fẹ́ já ẹrù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ gbogbo ẹrù sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ awakọ̀. Rìsíìtì tẹlifíṣàn, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ kó wà lọ́wọ́ yín, torí wọ́n á béèrè lójú ọ̀nà. Ẹ má san gbogbo owó ọkọ̀ tán n'Ífẹ̀.

Fíríìjì: ẹ pa á lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí yìnyín yọ́ tán, kó sì dúró lóòró nínú ọkọ̀. Bí àyè kò bá sí tí wọ́n fi dùbúlẹ̀, ẹ má tàn án títí ọjọ́ kejì: òróró inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti ṣàn sínú páìpù, bẹ́ ẹ bá tàn án kó tó padà wálẹ̀, ẹ ti pa á. Sílíńdà gáàsì, ẹ kọ́kọ́ ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pa kẹ́ ẹ tó yọ orí ẹ̀, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí lóòró, kì í ṣe inú búùtù. Jẹnẹrétọ̀, ẹ fa epo inú táńkì tán. Nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì náà gan-an. Bó bá bọ́ sínú àpò obìnrin ilé, ẹ ò ní rí i mọ́ títí ọdún á fi yí po.

Akápò Àjọ, Ẹnúwá
Ohun kan tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: kọ́pùrétíìfù. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni, wọn kì í fún yín ní owó ìpamọ́ yín títí ẹni yẹn á fi san gbèsè ẹ̀ tán. Ẹ lọ béèrè báyìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ. Kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn tó máa rọ́pò yín, kó fọwọ́ sí i níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́. Ti àjọ, bẹ́ ẹ bá ti kó tiyín, ẹ parí dídá a.

Káàdì ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọsibítù Ọ̀ṣun ló wà fún; ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n lè bá yín yí ọsibítù ẹ̀ padà. Káàdì ìdìbò, ẹ kọ̀wé sí INEC pé kí wọ́n gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má dúró dìgbà ìdìbò, wọ́n máa ń tìlẹ̀kùn ẹ̀ ṣáájú.

Télọ̀ Lágèéré
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa san yín lóore. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mà á gbé e fún un kà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tó ní abọ́ òróró nísàlẹ̀. Ṣé ó ṣeé gbé bẹ́ẹ̀?

Awakọ̀ Kántà
Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fa òróró yẹn tán pátá, ẹ fi àkísà nu abọ́ ẹ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dà sórí mátíréèsì ní Gbọ̀ngán. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ gbé orí ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kó jókòó sílẹ̀ ọkọ̀, kí nǹkan kan má gun orí ẹ̀. Mọ́tò abẹ́ ẹ̀ wúwo, bó bá wà lára tábìlì ọkọ̀ á gbọ̀n ọ́n títí ìdè á fi ya, ẹ yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ àti bọ́bìnì, ẹ yọ wọ́n sínú agolo. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ da òróró tuntun sí i dé ìlà tó wà lára abọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀ lórí àkísà kó tó kan aṣọ ẹnikẹ́ni.